Irun wa ti dé kóòtù, ó ti dé yàrá ìwádìí

Ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí lónìí, ì báà jẹ́ l'Ágége, ì báà jẹ́ ní Peckham ní London, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ rìlásà tó jáde. Ẹnì kan á ní òun ò fi sí irun mọ́ láti ìgbà tí òun ti gbọ́ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹlòmíràn á ní ìyá òun lò ó títí ó fi darúgbó, kò sì sí ohun tó ṣe é. Onídìrí fúnra rẹ̀ á rọra yí ọ̀rọ̀ padà, torí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ń bẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní Chicago, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló ti pe àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rìlásà lẹ́jọ́. Wọ́n ní ohun tí wọ́n tà fún àwọn ló kó jẹjẹrẹ ilé ọmọ, jẹjẹrẹ ilé ẹyin àti àwọn àrùn abẹ́ mìíràn bá àwọn. Láti oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n ti kó àwọn ẹjọ́ náà jọ síwájú adájọ́ kan ṣoṣo ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ò jẹ̀bi, pé kò sí ẹ̀rí tó dájú pé ọjà àwọn ló fa àìsàn ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ìwádìí sọ gan-an, àmọ́ n kò ní dúró sórí rìlásà nìkan. Ọ̀rọ̀ rìlásà, ọ̀rọ̀ àtáṣímẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ àwòrán orí kọ̀ǹpútà, títí dé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ọpọlọ wò, ìdí kan náà ni gbogbo wọn ní. Ó ti pẹ́ gan-an tó fi jẹ́ pé irun tó nà gbọọrọ nìkan ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń ṣòfin kà sí irun. Irun tó ká, tó ṣù, irun tèmi tìrẹ, ìṣòro ni wọ́n kà á sí. Ìgbà tí àwọn tó ní irun náà lórí wọ yàrá ìwádìí ni àwọn ìbéèrè tó yẹ ká ti béèrè tipẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irun fúnra rẹ̀. Èyí tó yọ síta kò ní ẹ̀mí mọ́. Abẹ́ awọ orí, níbi gbòǹgbò, ni iṣẹ́ ti ń lọ. Nǹkan bí 100,000 fọ́nrán ló máa ń wà lórí ènìyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan gùn sí i lóṣù. Kẹ́rátìn ni wọ́n ń pe èròjà tó di irun, òun náà ló wà nínú èékánná wa àti nínú ìwo màlúù. Ihò tí irun ti ń jáde ló ń pinnu bí yóò ṣe rí. Bí ihò náà bá dúró ṣánṣán, irun á nà; bó bá tẹ̀ lábẹ́ awọ, irun á ká. Bí ẹ bá gé fọ́nrán irun tó ká gan-an, tí ẹ wá wo ojú ibi tí ẹ gé lábẹ́ maikirosikóòpù, kì í rí roboto, ńṣe ló máa ń fẹ̀ pẹlẹbẹ. Ibi tó ti ń yí náà ló ti ń yá kán. Òróró tí awọ orí ń sun kì í sì í rí ọ̀nà gba gbogbo kọ́nà yẹn dé ṣóńṣó. Ìdí nìyẹn tí irun wa fi máa ń tètè gbẹ, tí àwọn ìyá wa kì í sì í jókòó dìrun láìsí òrí tàbí àdín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nínú kẹ́rátìn yìí, àwọn ìdè kan wà tí imí ọjọ́ so, tí wọ́n dá fọ́nrán mú bí àwọn igi tí a ń tẹ̀ lára àkàbà. Àwọn ni kì í jẹ́ kí irun gbàgbé bó ṣe rí. Òòyà gbígbóná kò lè já wọn, ìdí nìyẹn tí irun tí wọ́n fi òòyà iná nà fi máa ń ká padà tí òjò bá ti pa á. Rìlásà ní tirẹ̀ ń já wọn, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n so padà bí wọ́n ṣe wà. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú ọ̀pọ̀ rìlásà ni sodium hydroxide, èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń pè ní kọ́sítíìkì. Ohun tó lè sọ òróró di ọṣẹ, ẹ má wulẹ̀ bi mí ìdí tó fi ń ta ènìyàn lórí. Àwọn tí wọ́n kọ "no lye" sí lára páálí wọn ń lo kẹ́míkà mìíràn, àmọ́ ìdè kan náà ni wọ́n ń já.

Ọmọ adúláwọ̀ ni wọ́n sọ pé ó ṣàdédé rí ọgbọ́n náà. Garrett Morgan, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Cleveland, ń wá oògùn tí yóò máa dán abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ní nǹkan bí ọdún 1909, ló bá rí i pé oògùn náà na fọ́nrán ara aṣọ tó fi nù ún. Ó sọ ọ́ di ọjà irun. Ọkùnrin yìí kan náà ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ ní ìkòríta ní 1923, tí kálukú ń rántí rẹ̀ fún, tí ọ̀rọ̀ irun sì wá sin mọ́lẹ̀.

Ìwádìí tó dá awuyewuye yìí sílẹ̀ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Àwọn onímọ̀ ìlera tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, tí Alexandra White ṣíwájú wọn, tẹ̀lé obìnrin 33,497 fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá. Nínú wọn, 378 ló ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Wọ́n wá ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kì í lo ohun tó ń na irun, bí 1.64 ni yóò ní àrùn náà kí wọ́n tó pé àádọ́rin ọdún. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún, ó di 4.05.

Ẹ fara balẹ̀ wo nọ́ńbà méjèèjì yẹn, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń fọ́n ọ̀rọ̀ ká lórí WhatsApp ti ń ṣì wá lọ́nà. Òótọ́ ni pé ewu náà ju ìlọ́po méjì lọ. Òótọ́ náà ni pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ń lò ó lemọ́lemọ́, nǹkan bí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni kò ní ní in. Ìwádìí náà fi hàn pé nǹkan méjèèjì jọ ń rìn, kò tíì sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Wọn ò bi àwọn obìnrin náà léèrè orúkọ ọjà tí wọ́n lò, wọn ò sì yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, ibi tí àwọn agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ sì ti ń rí ẹnu sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó lò ó láàárín ọdún kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ adúláwọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti hàn.

Lọ́dún 2023, àwọn ará Boston University náà gbé tiwọn jáde. Obìnrin adúláwọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń tẹ̀lé láti 1995. Lára àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá, tí wọ́n sì ti ń fi rìlásà sí irun fún ìgbà pípẹ́, ewu jẹjẹrẹ ilé ọmọ fi ju ìdajì lọ pọ̀ sí i ju ti àwọn tí kò lò ó rí. Lára àwọn tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, wọn ò rí ìyàtọ̀ tó dájú. Nítòsí wa níhìn-ín, ìwádìí kan láàárín àwọn obìnrin Accra àti Kumasi, tó jáde ní 2018, rí i pé jẹjẹrẹ ọmú wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń lo rìlásà ju lára àwọn tí kì í lò ó lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pò pọ̀. Òfin tí ẹ ń gbọ́ pé ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe kì í ṣe lórí kọ́sítíìkì. Lórí fọ́málìn ni, èyí tó máa ń jáde nínú àwọn oògùn ìnarun tí wọ́n ń fi iná lọ̀ mọ́ irun, tí àwọn sàlúùnù ń pè ní "keratin" tàbí "Brazilian". Fọ́málìn yìí ni wọ́n ń lò ní mọ́ṣúárì. Kò sí àríyànjiyàn pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ẹni tó bá ń fà á símú. Àjọ ìlera àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn tó dájú. Ní Brazil, ìjọba ti fòfin de títà á ní ilé ìtajà oògùn láti 2009 nítorí irun yìí gan-an. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kéde ní 2023 pé àwọn fẹ́ fi òfin dè é nínú oògùn ìnarun, wọ́n dá oṣù kẹrin ọdún 2024. Ọjọ́ náà pé, ó kọjá, wọ́n sún un síwájú.

Ní tèmi, n kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de kóòtù kó tó dáwọ́ fífi rìlásà sórí ọmọdé dúró. Orí tó ti bó, tàbí tí ènìyàn fi òòyà họ dé ojú ẹran lánàá, kò yẹ kó rí kọ́sítíìkì lónìí, torí ojú ọgbẹ́ ni kẹ́míkà ti ń rí ọ̀nà wọ ara. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dá, tó wá ń rí ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kó kéré, kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn, yálà ó lo rìlásà tàbí kò lò ó rí, torí ó lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Bí wọ́n bá tètè rí i, ó ṣeé wò.

Àwọn tó ti sá kúrò nídìí rìlásà lọ sídìí àtáṣímẹ́ǹtì náà kò tíì bọ́. Lọ́dún 2025, Consumer Reports, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn oníbàárà yẹ ọjà wò ní Amẹ́ríkà, yẹ irú irun ìdì mẹ́wàá wò, èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ní kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ, mẹ́sàn-án nínú wọn ló ní òjé. Irú irun bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́jà tipẹ́. Láti 1957 ni ilé iṣẹ́ Kaneka ní Japan ti ń ṣe Kanekalon. Ìyẹn ni pé ó ju ọgọ́ta ọdún lọ tí wọ́n ti ń ṣe é kí èsì ìwádìí Consumer Reports yìí tó jáde. Ẹ sì rántí ohun tí a máa ń ṣe tí wọ́n bá dìrun tán: wọ́n á gbé omi híhó wá, wọ́n á ki ṣóńṣó irun bọ̀ ọ́ kó má bàa tú, oru omi ọ̀hún á sì bo onídìrí lójú. Ẹni tí wọ́n dìrun fún ń fà á símú lẹ́ẹ̀kan. Onídìrí ń fà á lójoojúmọ́.

Kì í ṣe pé àwọn onímọ̀ kò wo irun adúláwọ̀ rí. Wọ́n wò ó, àmọ́ ohun tí wọ́n ń wá kò dára. Ní 1908, Eugen Fischer ará Jámánì lọ sí Rehoboth, ní ilẹ̀ tó di Namibia lónìí, ó ń wọn orí àwọn ènìyàn, ó ń fi àtẹ àwọ̀ irun wé irun wọn, kó lè sọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti òyìnbó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló di ohun tí ìjọba Nazi gbára lé lẹ́yìn náà. Ní South Africa, lẹ́yìn òfin ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀yà ti 1950, wọ́n a máa ki pẹ́ńsù ìkọ̀wé bọ irun ènìyàn. Bí pẹ́ńsù bá já bọ́, ẹni náà sún mọ́ òyìnbó. Bó bá há, ó di ẹlòmíràn, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ yí padà, àdúgbò tó lè gbé yí padà. Ẹ ò rí i pé kò yani lẹ́nu tí ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ bá ń fura sí ẹni tó bá ní òun fẹ́ wọn irun.

Tina Lasisi, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní University of Michigan, mọ ìtàn yìí dáadáa, ó sì yàn láti padà sídìí wíwọ̀n náà. Dípò kó máa pe irun ní orúkọ, kí ó máa ní irun ìran báyìí rí báyìí, ńṣe ló ń fi kọ̀ǹpútà wọn bí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀ tó. Ohun tó ń yọ ni pé kò sí ibi tí irun ìran kan ti parí tí ti òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdílé kan ṣoṣo gan-an, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè yàtọ̀. Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2023 ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n gbé ère kan kalẹ̀ ní Loughborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń gbóná bí ara ènìyàn ṣe ń gbóná, nǹkan bí 35°C. Wọ́n tan iná tó dà bí oòrùn lé e lórí, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà mìíràn orí ère á pá, nígbà mìíràn wọ́n á dé wíìgì irun ènìyàn lé e: èyí tó nà, èyí tó ká díẹ̀, èyí tó ká ṣíṣù. Gbogbo irun ló dín oòrùn kù, àmọ́ èyí tó ká ṣíṣù ló dáàbò bo orí jù lọ, òun náà sì ni kò ní jẹ́ kí ara ṣòfò omi sórí òógùn. Irun tó ká kì í lẹ̀ mọ́ awọ orí. Ó máa ń ga sókè díẹ̀, ooru oòrùn á sì dúró sórí irun kó tó dé awọ. Èrò wọn ni pé irun báyìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà dá àwọn baba ńlá gbogbo ènìyàn dúró nígbà tí ọpọlọ wọn ń tóbi sí i. Irun tí wọ́n fi pẹ́ńsù dá lẹ́bi, iṣẹ́ wà tó ń ṣe.

Ní ti òfin, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. California ló kọ́kọ́ ṣòfin, ní oṣù keje ọdún 2019, pé ilé iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ fi irun dídì, dàda tàbí irun tí a kò nà du ẹnikẹ́ni ní ipò rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó lé ní ogún ti tẹ̀ lé e. Ní Britain, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba kìlọ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní 2022. Níbí ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ girama wa ló ń kọ irun ọ̀sẹ̀ sára ògiri, ọ̀sẹ̀ yìí kolésè, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣùkú, àwọn mìíràn sì ní kí ọmọbìnrin gé e mọ́lẹ̀. Èyí tó ń dun àwọn ará Amẹ́ríkà pé wọn ò jẹ́ kí àwọn dì, ọ̀ranyàn ni fún àwọn ọmọ wa. Ọmọkùnrin tó bá wá dá dàda, tí kì í ṣe ọmọ tí a bí bẹ́ẹ̀, ó mọ ohun tí ojú ń rí níwájú ọlọ́pàá.

Ẹnì kan tó wo irun wa bí ohun tó yẹ ní kíkọ́, láìfi ẹ̀rọ kankan wọ̀n ọ́, fọ́tò ló fi ṣe é. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tí wọ́n bí ní 1930, ti ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn kó tó wá sí Èkó. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, ó ń yà á lójú pópó, níbi ìgbéyàwó, lọ́fíìsì, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Kì í sábà ya ojú. Ẹ̀yìn orí ló ń yà, nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́, lórí funfun tàbí eérú lásán, kó má sí ohun tí yóò gba ojú ẹ lọ́wọ́ irun. Ẹ wo èyí tó pè ní Onílé Gogoro, tó yà ní 1975. Irun òwú ni. Onídìrí ti fi ìlarun pín orí sí ìlà tó gún, ó mú ìdì kọ̀ọ̀kan, ó fi òwú dúdú wé e láti ìdí dé orí títí ó fi le bí igi, ó wá tẹ̀ wọ́n kọjá ara wọn sókè di ilé. Ẹ lè fi ìka tọ bí òwú ṣe rìn. Bí ẹ bá tún wo ìpàkọ́, ẹ ó rí i pé kò sí ìlà kan tó wọ́.

Lọ́dún yẹn, àwọn ilé gíga ń yọ lÉkòó, onídìrí sì ń kọ́ tirẹ̀ sórí. Ojeikere kú ní oṣù kejì ọdún 2014, ọdún kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ dé Venice Biennale, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ní Italy. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé orúkọ oníyàwòrán là ń kọ sábẹ́ fọ́tò náà káàkiri ayé, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ìyá tó di irun náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lọ wò.

Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń sáré tọ̀ báyìí. Ní 2012, Raymond Goldstein ti Cambridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀bùn Ig Nobel, tí wọ́n ń fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú, nítorí pé wọ́n ṣírò bí irun tí wọ́n dì sẹ́yìn bí ìrù ẹṣin yóò ṣe fẹ̀ tó nígbà tó bá ń rọ̀ sílẹ̀. Irun tó nà lèyí. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù náà ti ní ìṣirò fún irun tó nà, bó ṣe ń fò, bó ṣe ń ṣàn, láti ọdún gbọọrọ. Bí wọ́n bá wá fẹ́ ṣe orí adúláwọ̀ nínú eré kọ̀ǹpútà, ẹ ti rí ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n á lẹ nǹkan dúdú roboto kan mọ́ ọn lórí, tàbí kí wọ́n fá a. Theodore Kim ti Yale, tó ti ṣiṣẹ́ ní Pixar tó ń ṣe fíìmù orí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, ti ń sọ ọ́ gbangba pé àìbìkítà ló fa èyí, pé kì í ṣe pé ìṣirò náà kò ṣeé ṣe. Òun àti A. M. Darke ti University of California ní Santa Cruz, ẹni tó dá ibi ìkójọ irun adúláwọ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó, gbé ìwádìí kan jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní 2024.

Wọ́n ní ohun mẹ́ta ni àwọn tó ṣáájú kò fojú sí. Nítòsí awọ orí, kálukú fọ́nrán ń lọ lọ́nà tirẹ̀, kò jọ ti ẹnì kejì. Tó bá wá jìnnà díẹ̀, wọ́n á wọnú ara wọn, wọ́n á máa ká pa pọ̀. Láàárín ọ̀nà, fọ́nrán tó ń ká sí ọ̀tún lè ṣẹ́rí padà kó máa ká sí òsì. Àwọn kan sì máa ń fò kọjá ìká kan, wọ́n á yọ síta, àwọn ló ń jẹ́ kí irun rí fúsọ̀fúsọ̀ lókè. Bí ẹ bá sọ èyí fún onídìrí èyíkéyìí ní Mushin, á ní ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n títí ẹnì kan fi kọ ọ́ ní ìṣirò fún un.

Èyí tó kù ló ṣe pàtàkì jù fún mi, torí ọ̀rọ̀ àìsàn ni. Bí ẹnì kan bá ní wárápá, tàbí tó dákú tí wọn ò mọ ìdí, wọ́n á fi ẹ̀rọ EEG yẹ iná inú ọpọlọ rẹ̀ wò. Láti ìgbà tí Hans Berger ti gbà á sílẹ̀ lára ènìyàn ní Jámánì ní 1924, ìlànà iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: wọ́n á lẹ àwọn irin kékeré mọ́ awọ orí, ní àwọn ibi tí wọ́n ti wọ̀n láti ibi tí imú ti pàdé iwájú orí dé ìpàkọ́, àti láti etí dé etí. Irin yẹn gbọ́dọ̀ kan awọ. Bí irun bá nà, òṣìṣẹ́ á yà á sọ́tọ̀, á fi jẹ́ẹ̀lì sí i, ó parí. Bí irun bá ki, tó ká, ńṣe ni irun á máa ti irin náà sókè díẹ̀díẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ á sì kọ sílẹ̀ kò ní mọ́. Wọ́n ti dá àwọn kan padà sílé pé kí wọ́n lọ tú irun wọn. Nínú ìwádìí lórí ọpọlọ, wọ́n ti yọ àwọn mìíràn kúrò pátápátá nítorí irun orí wọn. Ẹ rò ó wò: ohun tí a ń pè ní ìmọ̀ nípa ọpọlọ ènìyàn, apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ nípa ọpọlọ àwọn tí irun wọn kò yọ ẹ̀rọ lẹ́nu.

Ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon, ní Pittsburgh, Arnelle Etienne, ló yanjú rẹ̀, òun àti Pulkit Grover tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Iṣẹ́ wọn jáde ní 2020. Ohun tó ṣe kò ṣòro fún ẹni tó bá dàgbà sẹ́sẹ̀ onídìrí láti lóye. Ó ní kí wọ́n di irun aláìsàn ní kolésè, ṣùgbọ́n kí ìlà tó wà láàárín irun kan sí èkejì gba orí àwọn ibi tí irin gbọ́dọ̀ wà gan-an. Awọ orí á wá hàn gbangba ní ojú ìlà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ike pẹlẹbẹ kan tó ní apá méjì, tí apá ọ̀tún á wọ abẹ́ irun ọ̀tún, tí apá òsì á wọ abẹ́ irun òsì, irun méjèèjì á sì máa tẹ irin náà mọ́ awọ. Ẹ wò ó pé líle irun tó ti ń tì í kúrò tẹ́lẹ̀ ló wá ń dì í mú. Sevo ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí wọ́n mú nínú èdè Haiti. Nígbà tí wọ́n dán an wò, iná ọpọlọ wọlé dáadáa ju ti irin àtijọ́ lọ.

Kò tíì sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe EEG, yálà ní Nàìjíríà tàbí lókè òkun, ẹ tú àtáṣímẹ́ǹtì tàbí wífọ́ọ̀nù tó bá wà lórí ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ fọ irun, ẹ má fi òróró tàbí ìpara kankan sí i lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Ẹ pe ilé ìwòsàn náà ṣáájú, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gba irun dídì, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi àwòrán ibi tí irin máa wà ránṣẹ́ sí yín. Ẹ mú un lọ fún onídìrí yín. Ìlà mélòó, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí: kò sí èyí tí kò mọ̀ nínú rẹ̀.